Ọmọ mi fẹ́ kọ́ Látìn ní ilé-ìwé, bàbá rẹ̀ kọ̀. Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá_Ìbejì_London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ọjọ́ náà ni a máa dá fọ́ọ̀mù padà.

Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún méjìlá. Ilé-ìwé wọn níbí ní kí kálukú mú èdè kan fún ọdún tó ń bọ̀, yálà Spanish tàbí Látìn. Kẹ́hìndé ti mú Spanish ní tirẹ̀, ó ti parí. Táyé ní Látìn ni òun ń ṣe. Bàbá wọn gbọ́, inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní èdè tí kò sí ìlú kan láyé tí wọ́n ti ń sọ ọ́ mọ́, kí ni ọmọ òun fẹ́ fi ṣe, nígbà tí kò tíì lè kí ìyá òun àgbà dáadáa?

Èmi náà ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Sátidé tó kọjá. Mò ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì ní kíṣìnì. Táyé wá jókòó tì mí, ó tẹ́ ìwé kékeré kan kalẹ̀ tí tíṣà pín fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọ́ ẹ̀kọ́ náà wò. Ìlà méjì ló wà nínú rẹ̀:

Puer serpentem necat.
Puerum serpens necat.

Ó ní ìlà àkọ́kọ́ ń sọ pé ọmọkùnrin pa ejò, èkejì sì ń sọ pé ejò ló pa ọmọkùnrin. Mo ní báwo, ṣebí ọmọkùnrin ló ṣáájú nínú méjèèjì? Ó fi ìka tẹ ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: puer, puerum, serpens, serpentem. Ó ní ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń sọ ẹni tó pa àti ẹni tí wọ́n pa, pé ibi tó bá wuni lèèyàn lè tò wọ́n sí. Ó wá gbójú sókè, ó bi mí pé ní Yorùbá ńkọ́, báwo la ṣe ń mọ ẹni tó pa ẹnì kejì?

Ẹ̀yin ará, ọdún méjìlá ni mo ti ń sọ Yorùbá sí ọmọ yìí tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa Yorùbá rí. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀wà. Látìn ló mú un bi mí. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè kàn sọ pé rárá. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Àlàbí_Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn bàbá wọn ni mo wà.

Ní 1897, ní Ọ̀yọ́, ni àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ló kọ síbẹ̀: pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ ti Róòmù àti ti Gíríìsì, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohunkóhun nípa ìtàn ìlú tiwọn. Ẹ wo ọjọ́ tó ti sọ ọ́. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tó bá ka Látìn ní Èkó á sọ Yorùbá délé. Tiwa báyìí, ti ilé ń bọ́ lọ́wọ́ wa, a tún ń na ọwọ́ sí ti òkèèrè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Èdè ìyá ọmọ ló ń ṣí ọpọlọ ọmọ. Bí ẹ bá rí wákàtí mélòó kan fún Táyé lọ́sẹ̀, Yorùbá ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Wákàtí kì í pọ̀ sí i nítorí pé ẹ̀kọ́ pọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Adébọ̀wálé

Àǹtí Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Mi ò kọ́ Látìn, ojú mi rí i. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo ń há ọ̀rọ̀ sórí bí ẹni ń ka iyanrìn. Ẹnì kan ò sọ fún mi pé b.d. tí dókítà ń kọ síwájú oògùn, bis die ni, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, pé t.d.s. jẹ́ ter die sumendum, kí aláìsàn lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Pé stat ni statim, kíá mọ́sá. Ìgbà tí mo dé ìlú yìí ni dókítà àgbà kan tú u fún mi lórí bébà ní wọ́ọ̀dù, lóru ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀.

Ti Gíríìkì ló tún yà mí lẹ́nu jù. Haima ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi an- síwájú rẹ̀, ó di anaemia. Kí ni an- yẹn ń ṣe? Iṣẹ́ tí àì- ń ṣe ní Yorùbá ni: àìsùn, àìjẹun, àìlẹ́jẹ̀. Algos ni ìrora. Analgesic ni oògùn tó ń múni wà láìní ìrora. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo bébà náà. Gbogbo ohun tí mo ti fi odidi ọdún mẹ́ta há sórí, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì Yorùbá ni.

Tíṣà_Àgbà_Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ Látìn ní girama, pàṣán ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Amo, amas, amat. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan pè, á na ọwọ́. A mọ̀ ọ́n kà tán bí orin, a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí Táyé bi ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀wà yẹn, kò sí tíṣà kan tó gbà wá láyè láti bi í. Bí ẹnikẹ́ni bá kórìíra Látìn nítorí irú ìyẹn, mo gbà fún un.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ojú mi ti là. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Látìn àti Gíríìkì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ ní 1948. Níbẹ̀ ni akéwì Christopher Okigbo ti gboyè ní 1956 kó tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Látìn ní Fìdítì, níbẹ̀ náà ni Wọlé Ṣóyínká ti kọ́ Gíríìkì. Ọjọ́ kan ni olùkọ́ wa kọ ìlà kan sójú pátákó láti inú ìwé Jòhánù: kai theos ēn ho logos. Ó ní kí a tú u. Gẹ̀ẹ́sì tú u pé Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ Ọlọ́run, ó mú Ọ̀rọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n nínú Gíríìkì, theos, Ọlọ́run, ló ṣáájú, nítorí orí rẹ̀ ni agbára gbólóhùn náà wà. Mo rántí Bíbélì ìyá mi. Kí ló wà níbẹ̀? "Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà." Bí Gíríìkì ṣe tò ó gẹ́lẹ́! "Ni" wa yẹn gbé Ọlọ́run síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, láìfi ìtumọ̀ ṣòfò. Ajayi Crowther tó kọ́ Gíríìkì àti Látìn, àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé Yorùbá mi kì í ṣe èdè kékeré.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Gíríìkì àtijọ́ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Bíos, tí ohùn bá ga níwájú, ìgbé-ayé ni. Biós, tó bá ga lẹ́yìn, ọrun ni, èyí tí wọ́n fi ń ta ọfà. Heraclitus, ọlọ́gbọ́n wọn kan, fi ṣeré ọ̀rọ̀: orúkọ ọrun ni ìyè, iṣẹ́ rẹ̀ ni ikú. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń kọ́ ọ ní láti gbà á gbọ́ lásán. Èmi gbọ́ ọ létí, bí mo ṣe ń gbọ́ ogun, ogún àti Ògún. Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tí a ń fi sórí Yorùbá lónìí gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé Gíríìkì ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wá bí àjèjì á ṣe mọ èdè wọn kà.

Bàbá Àlàbí, mi ò bá yín jiyàn lórí Yorùbá. Mo kàn ń sọ ibi tí mo ti rí i kedere ni.

Agbẹjọ́rò_Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọgbọ́n. Èmi kò ní sọ púpọ̀. Bí ọfọ̀ la ṣe há Látìn sórí nígbà tí a ń kọ́ òfin: audi alteram partem. Mo lò ó ní kóòtù fún ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé audi kò ju "gbọ́" lọ, alteram partem, "apá kejì". Gbọ́ ti apá kejì. Bàbá bàbá mi tí kò mọ ìwé a máa sọ ọ́ bí wọ́n bá ń parí ìjà nílé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òun ló wà nínú abala 36 ìwé òfin wa ti 1999, pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́. Bí mo bá ti kọ́ Látìn ní girama ni, mi ò bá ti tètè mọ̀ pé ohun tí adájọ́ ń sọ, a ti ń sọ ọ́ lágboolé wa.

Bàbá_Àlàbí_Òṣogbo

Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jòhánù yẹn wọ̀ mí lára, mo lọ ṣí Bíbélì wò, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún Ìyá Ìbejì. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Látìn ń mú orí ọmọ pé. Thorndike, ará Amẹ́ríkà, wò ó ní 1924 láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé, kò rí i pé Látìn mú wọn ronú ju bí àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn ṣe mú wọn ronú lọ. Ní 2003, àwọn olùwádìí méjì ní Jámánì, Haag àti Stern, mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ Spanish. Àwọn kan ti kọ́ Faransé tẹ́lẹ̀, àwọn kan Látìn. Àwọn tó ti kọ́ Faransé ló ṣe dáadáa jù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí Táyé kọ́ Látìn kó bàa lè rọrùn fún un láti kọ́ èdè mìíràn, kó sọ pé kó lọ kọ́ èdè mìíràn náà tààrà. Ẹ wá ìdí tó dára ju ìyẹn lọ.

Ọmọ_Kétu

Bàbá, ẹ ṣeun, ìwádìí yẹn yé mi. Èmi tí mo dàgbà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ "ọwọ́" wò: Látìn, manus, Faransé, main, Potogí, mão, Spanish, mano. Kẹ́hìndé á máa sọ mano, Táyé á máa sọ manus. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ kí wọ́n fi ìwé wọn wéra.

Pópó_Àgùdà

Ìyá Ìbejì, ẹ ní ẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Àgùdà ni wá nílé wa, láti Brazil ni wọ́n ti padà wá sí Èkó. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì Rere, frejon la máa ń jẹ. Ìyá ìyá mi á sè é láti òru mọ́jú, á lọ̀ ọ́ kúnná, á pò ó mọ́ omi àgbọn títí á fi máa dán. Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ Èkó ni frejon. Feijão ni, ẹ̀wà lédè Potogí. Feijão ti ọ̀dọ̀ phaseolus wá, Látìn. Phaseolus ti ọ̀dọ̀ Gíríìkì wá, phasēlos. Orúkọ kan náà ló ti Gíríìsì dé Róòmù, ó dé Portugal, ó dé Brazil, ó sì bá àwọn tí wọ́n gba òmìnira padà wálé sínú ìkòkò ìyá mi àgbà.

Ìyá mi àgbà mọ ààtò Mass ní Látìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kí Vatican Kejì, ìpàdé ńlá ìjọ Kátólíìkì, tó yí i padà ní àwọn ọdún 1960, Látìn ni àlùfáà ń fi ṣe é. Nígbà tí ara rẹ̀ ò yá mọ́, tó ń gbàgbé orúkọ wa, mo máa ń sọ fún un pé "Dominus vobiscum", á sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, "et cum spiritu tuo". Bí mo ṣe dàgbà ni mo mọ̀ pé ohun tí a ń sọ síra wa ni "kí Olúwa wà pẹ̀lú yín", "àti pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ". Ì bá wù mí kí n ti mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì wà láyé.

Olùkọ́_Manchester

Mo ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Nígbà tí ìjọba ń kéde owó fún Látìn ní 2021, iye tí wọ́n fi síta nìyí: Látìn wà fún àwọn ọmọ kékeré girama nínú 2.7% ilé-ìwé ìjọba, ó sì wà nínú 49% ilé-ìwé aládàáni. Mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ná sí i fún ogójì ilé-ìwé. Ìjọba tuntun dá a dúró, owó náà sì parí ní February 2025, ọdún ẹ̀kọ́ ò tíì parí.

Títí di 1960, ẹni tí kò bá mọ Látìn kò lè wọ Oxford tàbí Cambridge. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n ti gbé ìlẹ̀kùn yẹn kúrò, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó lówó. Bí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bá gbé e síwájú ọmọ Yorùbá, tí ọmọ náà sì fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí i, mo bẹ yín, ẹ má gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Kì í ṣe gbogbo ọdún ni wọ́n ń gbé e wá.

Àjẹ́ẹ́lẹ̀_Houston

Ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Manchester mú mi rántí William Sanders Scarborough. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Macon, Georgia, ní 1852. Ní 1881 ó tẹ ìwé tí àwọn ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ Gíríìkì jáde. Ẹrú àná ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gíríìkì!

Ní 1881 yẹn kan náà ni Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tó wá gbé ní Èkó nígbà tó yá, dìde sọ̀rọ̀ ní Liberia College. Ó ní kí àwọn ọmọ Áfíríkà kọ́ Gíríìkì àti Látìn, ìdí tó sì mú wá kì í ṣe ìdí àwọn òyìnbó. Ó ní ìwé ayé tuntun kún fún èébú sí aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn àgbà Gíríìkì àti Látìn, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó tàbùkù wa. Ọmọ lè jẹ ẹ́ láìjẹ májèlé mọ́ ọn. Blyden yìí kan náà ló ń sọ pé kí wọ́n kọ́ Lárúbáwá àti èdè ilẹ̀ wa. Kò rí i bíi pé ọ̀kan ń lé èkejì jáde.

Howard University ní Washington pa ẹ̀ka Gíríìkì àti Látìn rẹ̀ rẹ́ ní 2021, wọ́n pín àwọn ẹ̀kọ́ náà sí ẹ̀ka mìíràn. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá_Àlàbí_Òṣogbo

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ti Blyden yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo dúpẹ́.

Ìyá Ìbejì, ibi tí mo dúró sí nìyí. Ó dáa, kí ó ṣe Látìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn Látìn kan wọlé yín láìjẹ́ pé Yorùbá rẹ̀ jókòó tì í lórí bébà, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí bàbá wọn fúnra rẹ̀ bá a ṣe é. Ọmọ tó bi yín pé "ní Yorùbá ńkọ́" ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fún un ní Látìn nìkan, ẹ ò tíì dá a lóhùn.

Tíṣà_Àgbà_Ìbàdàn

Àlàbí, ẹnu rẹ á máa tọ́rọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ fi agricola bẹ̀rẹ̀. Ager ni oko, col- ni ríro. Oko-ro, ni Látìn wí. A-ro-oko, aroko, ni àwa wí. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá èyí tó kù.

Ìyá_Ìbejì_London

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ará. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà fún bàbá wọn lálẹ́ Ọjọ́rú. Èyí tí Bàbá Tíṣà kọ, ó ní kí n tún un kà. Ìmọ̀ràn Bàbá Àlàbí ló mú. A dá fọ́ọ̀mù padà lánàá: Látìn.

Lálẹ́ àná náà wọ́n jókòó, òun àti Táyé. Táyé kọ ọ́ pé "omo na pa ejo", láìsí àmì kankan. Bàbá rẹ̀ ní èwo nínú méjèèjì, ejò tàbí ẹjọ́? Ó kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kó fi àmì sí èyí tó bá gbọ́. Ó pẹ́ kó tó gbà á. Ó parẹ́, ó tún kọ, títí bébà náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Nígbà tó tó, ó ní òun fẹ́ kà á fún Màmá Ìjẹ̀bú.

A pè wọ́n lórí WhatsApp. Ó di bébà náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kà á: "Ọmọ náà pa ejò."

Ìyá ọkọ mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ejò wo? Níbo?"

Táyé wo mí. Mi ò la ẹnu. Ó ní, "Nínú ìwé ni, Màmá."